Iná Tí Afẹ́nákú Kò Rí Fẹ́ Pa

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn dáadáa! Ẹ fún ara yín láyè, kí ẹ sì tún sún mọ́ mi. Ẹni tó bá jókòó sókèèrè, egungun ìtàn ni yóò bá a, ẹran rẹ̀ á ti tán níwájú. Ìwọ tí ò ń jẹ ẹ̀pà, rọra jẹ ẹ́, ariwo eyín rẹ fẹ́ borí ohùn mi. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, fi ọmú sọ́mọ lẹ́nu. Ó dára. Orin wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Bí mo bá ti gbé e, kí ẹ gbè é. Ẹni tó bá panu mọ́, ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó lẹ́yìn mi yìí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọdẹ kan ló wà ní ìlú Ìdí-Arère, Ọdẹ́níran lorúkọ rẹ̀. Ọdẹ gidi ni, n kò ní bà á lórúkọ jẹ́. Ẹnu rẹ̀ kàn gùn ju ìbọn rẹ̀ lọ ni. Bí ó bá pa ọ̀kẹ́rẹ́ láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀kẹ́rẹ́ náà á ti di ẹfọ̀n. Bó bá fi máa dalẹ́, ẹfọ̀n á ti di méjì, wọ́n á sì ti bẹ̀ ẹ́ kó dá ẹ̀mí àwọn sí.

Ní ìgbà ayé Ọdẹ́níran ni iwin kan jáde sí Ìdí-Arère. Afẹ́nákú ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì rí bí igbá ìpọnmi, ẹnu rẹ̀ rí róbótó bí ihò eku. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, á gorí àkìtàn, á fa èémí títí ikùn rẹ̀ á fi kan àgbọ̀n, á wá fẹ́ ẹ: fùùùùù! Fìtílà elépo, ó kú. Àtùpà elékerosíìnì, ó kú. Iná kábáàdì tí ọdẹ ń dè mórí, ó kú. Ẹ̀yinná inú àdògán pàápàá, ó kú fin-ín-fin-ín.

Ìyà jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ẹ̀rín pọ̀ nínú ìyà náà. Baba kan wẹ ewúrẹ́ mọ́ tónítóní, ó fi àdí pa á lára, ó wọ ẹ̀wù fún un, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó sì ń kọrin kó lè sùn, ọmọ rẹ̀ tó yẹ kó wẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó níran. Ewúrẹ́ náà kò janpata. Ó sùn!

Ọjọ́ tí ẹ̀rín tán ni ọjọ́ tí Afẹ́nákú dúró lórí àkìtàn tó kígbe pé, "Ẹ̀yin ará Ìdí-Arère, ẹ gbọ́ o! Ọmọ tí ẹ bá bí láìsí iná tí yóò fi rí ojú ìyá rẹ̀, èmi ni n ó sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ tí mo bá sì sọ lórúkọ, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé!"

Aboyún kan ṣoṣo ló wà nílùú nígbà náà. Ìbídùn ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́níran bí. Ó tún wá jẹ́ pé, ní Ìdí-Arère, alẹ́ ni gbogbo ọmọ ń wáyé. N kò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá ojú ìhòòhò ló ń tì wọ́n.

Ìbídùn fọwọ́ di ìbàdí mú, ó ní, "Bàbá, ọmọ yìí ti ń kanlẹ̀kùn o."

"Sọ fún un kó mú sùúrù."

"Ẹ sọ fún un fúnra yín. Èmi àti òun ò gbọ́ èdè ara wa mọ́."

Ọdẹ́níran bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ ikùn ọmọ rẹ̀. "Ìwọ tí o wà nínú ilé, bàbá ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, ọdẹ tí ẹkùn ń kúnlẹ̀ kí. Má tíì jáde. Iná tí ẹnikẹ́ni kò lè fẹ́ pa ni mò ń lọ mú wá fún ọ." Ọmọ inú bá ta á nípàá lójú, gbì! Ọdẹ́níran fọwọ́ ra ojú, ó ní, "Ó ti gbọ́."

Ó gbé àpò, ó gbé ìbọn, ó sì mú àdó mànàmáná kọ́ ọrùn. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fi àwọ̀n mú mànàmáná náà níbi tó ti ń mumi létí odò. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi mànàmáná! Ohun tí gbogbo iná ilẹ̀ iwin ń jẹ nìyẹn, àdó náà sì kún dẹ́nu.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí n tó tẹ̀síwájú. Àwọn ọdẹ Ìdí-Arère ní àṣà kan tí kò sí níbòmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ ibi àjèjì, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn wọ̀ ọ́, kí iwin tó bá rí ipasẹ̀ wọn lè rò pé wọ́n ti jáde lọ. "Ẹ̀yìn lọdẹ fi ń wọlé iwin," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Ohun gbogbo tó bá sì lágbára, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gbé e wọlé. Ọmọ wọn kì í kọ́ ìrìn iwájú tán kó tó mọ ti ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn.

Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀, igi ibẹ̀ ń rìn, ènìyàn ibẹ̀ ló ta gbòǹgbò. Iwin kan tó gbé orí ara rẹ̀ há abíyá dábùú ọ̀nà. Orí ló sọ̀rọ̀ láti abíyá: "Ọdẹ, kí ló ń jẹun tí kì í yó, tó bá mumi a kú?"

"Iná ni! Ọmọdé ìlú wa mọ ìyẹn."

"Ó dáa. Iná wo ló ń ṣubú kó tó tàn, tí kì í jóná, tí kì í rú èéfín, tí afẹ́fẹ́ ò sì lè mú?"

Ọdẹ́níran wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ẹnu tó gùn di kúkúrú. Iwin rẹ́rìn-ín títí orí fi já bọ́ lábíyá rẹ̀, tó ń yí gbirigbiri. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni orí ti sọ pé, "Máa lọ. Bó o bá ń padà bọ̀ tí o kò mọ̀ ọ́n, orí tìrẹ náà á wá sí abíyá mi. Àyè wà ní apá kejì."

Ẹsẹ̀ Ọdẹ́níran kò mọ̀ pé ilẹ̀ wà mọ́. Ó sáré wọ Ìlú Agbóná-kó-tó-tàn, ẹ̀yìn ló fi wọ̀ ọ́. Ìlú náà kò sì bìkítà: bó o fi iwájú wọ̀ ọ́, bó o fi ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, bákan náà ló rí lójú wọn. "Ṣé ẹ rí i?" ni Ọdẹ́níran wí fún ara rẹ̀. "Àṣà wa ò tíì já sí òfo rí."

Àwọn ará ìlú yìí, gíláàsì ni ara wọn. Nínú ikùn wọn, okùn irin tín-ín-rín kan ló lọ́ bí ìfun eku. Gílóòbù ni ìdílé wọn. Ọba wọn, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀, rí àdó tó wà lọ́rùn ọdẹ, itọ́ sì dà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọdẹ, ṣé mànàmáná nìyẹn?"

"Òun ni, Kábíyèsí. Iná ni mò ń wá."

"O ti dé ilé iná! Gbé e wá ká mu!"

Wọ́n mu ún, ọba àti ìjòyè, gbùgbùgbù bí ẹni tó ti oko ẹ̀gùsí dé. Okùn inú ikùn wọn pọ́n, ó ràn, gbogbo ìlú sì mọ́lẹ̀ gbòòò! Ọdẹ́níran bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ijó rẹ̀ kò jìnnà tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Òógùn bò ó. Ó fọwọ́ kan ìjòyè kan, ó kígbe yéè. Ó rí obìnrin kan tó gbé iṣu ti ikùn ọba, iṣu sì jinná.

"Kábíyèsí, ìmọ́lẹ̀ yín dára. Ṣùgbọ́n ooru yìí ńkọ́?"

Ọba rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọdẹ, ooru gan-an ni iṣẹ́ wa, ìmọ́lẹ̀ kàn ń bá a yọjú ni. Ká gbóná títí ara á fi pọ́n, ọ̀nà tí a mọ̀ nìyẹn. Nínú ife mẹ́wàá tí mo bá mu, mẹ́sàn-án ló ń di ooru. Èyí tó kù ni..."

Táì! Okùn inú ikùn ọba já. Ọba ṣókùnkùn, ó dúdú nínú bí ìdí ìkòkò. Kí Ọdẹ́níran tó sọ pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n ti yí ọba kúrò lórí àga, wọ́n ti yí òmíràn sí i, òmíràn sì ti ń bèèrè mànàmáná. Bí wọ́n ti ń jọba níbẹ̀ nìyẹn o! Ọba wọn kì í pẹ́ lórí àga tó fi máa hu ewú.

Ọdẹ́níran gbọn àdó. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, ọdẹ tí ẹkùn ń kúnlẹ̀ kí! "Ìbídùn ọmọ mi, bàbá rẹ ti fi oúnjẹ ọmọ rẹ bọ́ àwọn oníkùn gíláàsì."

Àgbà Gílóòbù kan tí èéfín ti bo ikùn rẹ̀ rọra sún mọ́ ọn. "Ọdẹ, nu ojú rẹ. Ẹ̀kán yẹn tó. Lọ sí Ìlú Oníkòtò. Èmi ò fẹ́ràn wọn o, torí wọ́n ń gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Pálọ̀ tí mo wà lánàá, àwọn ló wà níbẹ̀ lónìí. Yàrá, ilé ìdáná, ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti gbà á tán. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní kí n má sọ òun: ohun tí èmi fi ń tàn fún ìṣẹ́jú, wọ́n lè fi jẹun títí ọmọ ọmọ rẹ á fi máa sáré."

Ọdẹ́níran dìde, ìrètí tún gbé e lẹ́sẹ̀. Ó dé ẹnubodè Ìlú Oníkòtò. Ògiri ga, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, kò ní ọwọ́, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ọdẹ́níran kẹ́yìn sí i, gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó sì fi ìdí tì í. Ilẹ̀kùn kò mira. Ó tún tì í, ilẹ̀kùn sì nípọn sí i. Ó fi gbogbo agbára tì í, ilẹ̀kùn wú bí àkàrà inú epo.

Ohùn kan jáde lára igi ilẹ̀kùn: "Ta ni ń bọ̀ tí mò ń rí ìdí rẹ̀, tí n kò rí ojú rẹ̀?"

"Ọdẹ́níran ni, ọmọ Ìdí-Arère. Ìwọ ta ni?"

"Ọ̀nà-Kan lorúkọ mi. Yí padà."

"Bàbá mi kò yí padà. Bàbá bàbá mi kò yí padà."

"Wọ́n wọlé bí?"

Ọdẹ́níran tún kẹ́yìn sí i. Ó fi èjìká tì í, ó fi ẹ̀yìn orí kàn án. Bí ó ti ń tì í tó ni ó ń le tó. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sì rántí ọmọ inú tó ta á nípàá. Ó rántí pé àkìtàn Afẹ́nákú kò jìnnà sí ojú fèrèsé Ìbídùn. Ó wá yíjú padà, ojú ń tì í, bíi pé ó bọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ kúulé o," ló wí.

"Hẹn-ẹn! Ojú rẹ tilẹ̀ dára. Tì mí díẹ̀. Bó o bá kàn mí fẹ́ẹ́rẹ́ jù, n kò ní ṣí. Bó o bá fi ìbínú tì mí, ìwọ ni yóò jóná. Díẹ̀ tó tó."

Ó tì í díẹ̀ tó tó. Ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́, bíi pé kò tì rí láyé.

Áà, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni Ọdẹ́níran rí! Àdúgbò méjì ló wà nínú ìlú náà. Ní ọwọ́ òsì, àwọn ènìyàn kékeré kan há mọ́ra, Wéréwéré lorúkọ wọn, wọ́n pọ̀ ju àyè tí wọ́n ní lọ. Ní ọwọ́ ọ̀tún, kòtò lásán ló kún ibẹ̀, kòtò ju ènìyàn lọ, ẹnu kòtò kọ̀ọ̀kan sì là sílẹ̀ bíi ti ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀. Ààlà tóóró ló là wọ́n láàárín. Wéréwéré kọ̀ọ̀kan ru ẹrù kan lórí. Ó kàn nílò ẹni tí yóò tì í ni. Bí mànàmáná díẹ̀ bá ti tì í lẹ́yìn báyìí, á fò wọ ààlà, á já sínú kòtò, pàù! Ẹrù orí rẹ̀ á tú, á sì di ìmọ́lẹ̀! Kò sí ọwọ́ iná, kò sí èéfín, kò sí ohun tó jóná. Wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń kọrin. Ẹ gbè é o!

Ta ló ṣubú tó ń rẹ́rìn-ín?
— Jálákátò, kòtò dùn!
Èmi ṣubú, mo tànmọ́lẹ̀,
— Jálákátò, kòtò dùn!
Ẹ má fẹ́ mi, n kì í jóná,
— Jálákátò, kòtò dùn!
Ẹ bá n kojú mi síwájú,
— Jálákátò, kòtò dùn!

Ẹ kú ohùn! Ẹni tó wà lẹ́bàá ògiri yẹn, mo rí ọ, o ò gbè é.

Ọba ìlú náà, Olúkòtò, ìyá arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní gìgísẹ̀, mú Ọdẹ́níran káàkiri. "Wò ó, àlejò mi. Níhìn-ín, kòtò kò jìn, ẹni tó bá já sí i, ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń tú jáde. Èyí jìn díẹ̀, àwọ̀ ewé ni. Tọ̀hún yẹn jìn ju gbogbo wọn lọ, àwọ̀ aró ló ń yọ. Bí kòtò bá ti jìn tó ni àwọ̀ ṣe ń rí."

Ọdẹ́níran fi itọ́ tọ́ ìka, ó fi kan ìmọ́lẹ̀ náà. "Kò gbóná! Ìyá, ní ìlú wa, iná tí kò gbóná, irọ́ ni."

"Iná lo wá tàbí ìmọ́lẹ̀?"

Ọkùnrin yìí tún fi ìka kan ìmọ́lẹ̀ náà.

Olúkòtò ṣẹ́ èérún kan lára ààlà kòtò tó jìn jù lọ, kò ju wóró ẹ̀wà lọ. "Àdúgbò méjèèjì ló wà nínú èyí. Òkúta ni látòkè délẹ̀: kò sí okùn tí yóò já, kì í mí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi lè fẹ́ ẹ pa." Ó fi kan ẹ̀kán mànàmáná tó kù, ó sì tàn, àwọ̀ aró.

Ọdẹ́níran yí ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ọmọ mi á bí ọmọ, gbogbo ilé á dà bí ẹni tó kú láàárọ̀. Ẹ fún mi ní funfun."

"Kò sí kòtò funfun láyé yìí!" Olúkòtò rẹ́rìn-ín títí ó fi kọ́sẹ̀. Ó bu ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè, ó fi bo wóró náà lórí. Ìyẹ̀fun yìí mú díẹ̀ nínú àwọ̀ aró náà, ó sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè. Èyí tí kò rí mú gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì dàpọ̀ lójú Ọdẹ́níran, ó sì di funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó fò sókè.

"Gbọ́ o," ni Olúkòtò wí. "Iwájú rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ń làágùn, torí náà mo fi irin pẹlẹbẹ kan tì í lẹ́yìn. Má fi aṣọ dì í, jẹ́ kó máa gba afẹ́fẹ́. Má sì gbàgbé ohun tí Ọ̀nà-Kan sọ fún ọ."

"Èmi? Èmi Ọdẹ́níran kì í gbàgbé!"

Ẹ gbọ́ ọkùnrin.

Ó padà gba inú igbó. Iwin àkọ́kọ́ ti ń na abíyá kejì. Ọdẹ́níran kò dúró, ó ń sáré, ó ń kígbe: "Iná Oníkòtò ni! Ìṣubú ló fi ń tàn!" Orí iwin náà ní, "Ó mà ṣe o," ó sì padà sí abíyá rẹ̀ láti lọ ronú àlọ́ mìíràn.

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tó dé Ìdí-Arère. Igbe Ìbídùn ló kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín Afẹ́nákú ló tẹ̀lé e láti orí àkìtàn. Iwin náà ti pa gbogbo iná ìlú.

Ìyá agbẹ̀bí nawọ́ nínú òkùnkùn, ó fọwọ́ kan ohun tí ọdẹ mú dání. "Ọdẹ́níran! A ní kó o mú iná wá, ẹ̀wà lo mú wá? Ṣé kí n sè é ni?"

"Ẹ yàgò, ìyá!" Ọdẹ́níran kẹ́yìn sí yàrá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbé ohun tó bá lágbára wọlé ní Ìdí-Arère. Ẹ̀yìn ló fi wọlé. Ẹ̀yìn wóró ló gbé síwájú, ó sì fi ẹnu àdó kàn án.

Òkùnkùn. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Afẹ́nákú fi ẹnu róbótó sí ojú fèrèsé. "Mo ti rí orúkọ o! Ilẹ̀ṣú ni n ó máa pè é! Ilẹ̀ṣú, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi!"

"Bàbá!" Ìbídùn pariwo. "Iná dà?"

"Orí ọmọ ti yọ o!" ni agbẹ̀bí wí.

Ọdẹ́níran di wóró náà mú ṣinṣin. Ó fún àdó mọ́ ọn, kò tàn. Ó tún fún un, ó tún ṣú sí i. Ìgbà náà ni ara rẹ̀ rántí ilẹ̀kùn kan tó ń nípọn lẹ́yìn rẹ̀. *Wọ́n wọlé bí?* Ó gbé ojú sókè nínú òkùnkùn, ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn dára fún iwin. Kò dára fún èyí." Ó yí ara rẹ̀ padà, ó yí wóró padà, ó kojú rẹ̀ síwájú, ó sì tì í díẹ̀ tó tó.

Yàrá mọ́lẹ̀ rekete! Ó mọ́lẹ̀ débi tí aláǹgbá orí àjà fi sáré wá aṣọ!

Afẹ́nákú fa èémí, ó fẹ́ ẹ: fùùùùù! Kò mira. Ó tún fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ rántí pé ẹ̀yìn wóró yìí ń làágùn? Afẹ́fẹ́ náà tù ú lára! Bí iwin ti ń fẹ́ ẹ tó ni ó ń tàn tó. Ìyá agbẹ̀bí kígbe pé, "Fẹ́ sí i, ọmọ mi! Ó ń gbádùn rẹ̀! Ibí yìí tún kù, fẹ́ ẹ!" Afẹ́nákú fẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, bí àpò tí wọ́n kó gààrí inú rẹ̀ tán. Ó jókòó sílẹ̀ lórí àkìtàn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọmọ náà já sílẹ̀, obìnrin ni. Ó la ojú, ó wo ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ sunkún. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó já sínú kòtò. Bàbá ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀dùn.

Nígbà tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, kí ni wọ́n sè? Ẹ̀wà ni! Mọ́ínmọ́ín, àkàrà, gbẹ̀gìrì, gbogbo rẹ̀ ẹ̀wà, nítorí wóró yẹn. Ta ló fẹ́ èèpo ẹ̀wà kúrò? Afẹ́nákú ni! Àwọn obìnrin gbé atẹ síwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Ó yá, ṣíṣẹ́," ó sì ń fẹ́ ẹ, ó ń jẹ àkàrà láàárín. Ọdẹ́níran tún padà sí Ìlú Oníkòtò, iwájú ló fi wọ̀ ọ́, ó sì bu wóró bọ̀ fún gbogbo ilé, tó fi jẹ́ pé ìyàwó ilé ń ṣa òkúta lára ìrẹsì lálẹ́, baba tó wẹ ewúrẹ́ sì mọ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Àwọn Gílóòbù pàápàá wá wáṣẹ́. Wọ́n fi wọ́n sínú ilé òròmọdìyẹ kí wọ́n máa mú un móoru. Inú wọn dùn, ooru ṣáà ni iṣẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ikùn tí kò le ní Ìdí-Arère. Wọ́n jẹun, wọ́n fi ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n di èyí tó kù lọ́wọ́, gbogbo wọn sì ń darí sílé lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí fẹ́ pa, wọ́n ń kọrin Jálákátò.

Ẹ̀yin náà, ìkòkò ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gba àwo yín. Ìwọ ẹ̀bá ògiri, gba tìrẹ, mo ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n wàá kọrin lọ́nà. Nígbà tí ẹ bá jẹ yó, kí ẹ máa lọ sílé wọ́ọ́rọ́wọ́, kí kálukú tanná ilé rẹ̀. Ẹ sì kojú síwájú o, ẹ má fẹ̀yìn rìn!